Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè Ló Gbé Mi Dé Makoko

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ará Surulere, ṣùgbọ́n mo ti rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òkèèrè láìkúrò ní Èkó. Mi ò gba físà, mi ò wọ bàálù. Ọwọ́ ara mi ló kó bá mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àlùfáà bá ti béèrè ẹni tí Olúwa lè rán níṣẹ́, gbogbo wa la máa ń nawọ́ sókè. A ó dijú, a ó mi orí, a ó ṣe àmín, a ó sì lọ jẹ ìrẹsì nílé. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mò ń wí yìí, ọwọ́ méjèèjì ni mo nà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfọkànsìn jù mí lọ. Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ tèmi nìkan ló wà lókè. Gbogbo ìjọ ti ka iṣẹ́ náà lórí Wasáàpù lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ń wo bọ́ọ̀lù ní tèmi. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó wà lórí omi ní Makoko ló ń wá ẹni tí yóò máa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ojú bàbá tó ń kà á ti ń ṣú.

"Ọlọ́run ti yan Tíṣà!" ni àlùfáà wí, ó nawọ́ sí mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi pa tiẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dáadáa pé mi ò mọ̀wẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí, mo jáde nílé wa ní Lawanson, kí n lọ fojú kan ibẹ̀ ná. Mo wọ bàtà dúdú mi, tí mo ti pa ní pólíìṣì títí ó fi ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ọ̀ọ́dúnrún náírà dé Ojúẹlẹ́gba, bọ́ọ̀sì gba irínwó dé Yaba. Ní Tejuoso, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ wọn ni. Kẹ̀kẹ́ mìíràn gbé mi dé Adékúnlé, ibẹ̀ ni mo ti fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀dà tán, ó kan iyanrìn. Iyanrìn tán, ó kan pákó. Pákó tán, ó kan omi.

Obìnrin kan, bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà tó na ọwọ́ méjèèjì?"

Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Mautin lorúkọ rẹ̀, Bàbá Hùnsù tí ojú rẹ̀ ń ṣú ló bí i.

"Èmi ni."

"Ẹ bọ́ bàtà dídán yẹn, kẹ́ ẹ sì jókòó sílẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ yìí ò fẹ́ èèyàn ńlá tó ń nàró."

Mo di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di ìyàwó mú lọ́jọ́ tó ní òun ń padà sílé bàbá òun. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá fẹ́ yá ata lọ́wọ́ ará ilé kejì, wàá fò gọ́tà. Níbẹ̀, wàá wa ọkọ̀. Oníbúrẹ́dì ń wakọ̀ kiri, aláta náà ń wakọ̀ kiri, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan sì bo gbogbo wa. Èdè Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ. Hùẹví ni wọ́n ń pe ẹja. Mo ra ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú hùẹví díndín kan ní ẹgbẹ̀rin náírà, mo sì jẹ ẹ́ mọ́ egungun.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àjẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wakọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé e tì. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ṣe pàtàkì, inú yàrá là ń tì í mọ́.

"Olè kì í gbé e ni?"

Mautin wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ jẹ́léósinmi. "Ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ ẹlòmíì bá já sómi, tí wọ́n figbe ta, ṣé ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kọ́kọ́rọ́?"

Mo ń ka àjẹ̀ ẹnu ọ̀nà títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Pákó ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, orí òpó ló dúró sí, rímù ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ṣe agogo sì rọ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá Hùnsù gba ọwọ́ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọwọ́ ọ̀hún rèé? Èkejì ńkọ́?"

Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ bó ṣe rí. Yorùbá ni Bíbélì wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n kà ti gba ṣọ́ọ̀ṣì orí ilẹ̀ lọ, níbi tí fáànù wà. "Láti bí oṣù mélòó kan, ibi tí mo mọ̀ sórí ni mò ń kà. Àwọn èèyàn mi ò mọ̀. Ẹ̀kọ́ tọ̀la, mi ò mọ̀ ọ́n sórí. Bí kò bá sẹ́ni tó kà á, Tíṣà, a ó kàn jókòó ni. Tó bá ṣe díẹ̀, wọn ò ní wá mọ́."

Mo sọ fún un nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo sọ ti orúnkún. Mo sọ ti omi. Nígbà tí àwíjàre tán, mo fa èyí tí àwa Kristẹni Èkó fi ń kọ iṣẹ́ láìmú ẹnikẹ́ni bínú yọ: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà sí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Àmọ́ ṣé ẹ ò tíì gbàdúrà sí i kẹ́ ẹ tó nawọ́ ni?"

Mautin fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí oòrùn kàn-tàrí, mo ti délé. Ìyàwó mi ní, "Ṣé wọ́n gbà yín?" Mo ní mò ń gbàdúrà sí i. Ó ní, "Ẹ kú àdúrà o," ó sì gbé rìmóótù tẹlifíṣọ̀n fún mi. Bọ́ọ̀lù ni mo wò. Mi ò gbàdúrà kankan.

Ní agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún, Mautin tó gba nọ́ńbà mi lánàá ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti wà létí omi."

"Mautin, ta ló sọ fún ọ pé mò ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kàn ní kí n máa dúró níbẹ̀ ni." Ó pa fóònù.

Mo tún dùbúlẹ̀. Àjẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn ò jẹ́ kí ojú mi pa dé. Ni mo bá dìde. Ta ló wá mọ ibi tí ìgò ojú mi wà? Orí fíríìjì ni. Bíbélì wà lábẹ́ ìwé ìròyìn. Iná ò sí, mo fọwọ́ fa bàtà jáde lábẹ́ ibùsùn, mo tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo sáré.

Wọ́n ti lu rímù tán kí n tó débẹ̀. Bàbá Hùnsù dúró nídìí tábìlì, Bíbélì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìwé náà dorí kodò. Nǹkan bí ogún èèyàn jókòó, wọ́n ń dúró dè é. Mo yí ìwé náà sí bó ṣe yẹ, mo wá ẹ̀kọ́ náà, mo sì kà á. Nígbà tí mo parí, Bàbá fọwọ́ wá bẹ́ǹṣì, ó sì rọra jókòó bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa bọ́ bàtà sí. Nígbà tí mo jáde, Mautin ti dúró ti tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búráùn."

"Mo kánjú ni."

"Mo rí i." Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ Sátidé."