Thymios Méjì, Káàdì Kan

Ọkọ mi kúrú, ó sì lágídí. Thymios lorúkọ ẹ̀. Oyin ló ń sìn, ogójì àpótí, òun la sì fi tọ́ ọmọ méjì dàgbà títí wọ́n fi sá lọ sí Athens.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ náà. Ní abúlé wa, tó o bá bí ọmọkùnrin àkọ́bí, orúkọ bàbá ọkọ ẹ lo máa sọ ọ́, àfi tí o kò bá fẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá àgbà ń jẹ́ Thymios Karavelis. Ó bí Nikolas, ó bí Stelios. Nikolas bí ọkọ mi, ó sọ ọ́ ní Thymios. Lóṣù yẹn náà Stelios bí tiẹ̀, ó sọ ọ́ ní Thymios. Orúkọ kan náà, orúkọ ìdílé kan náà, àwọn méjèèjì sì tún ń sin oyin. Abúlé ló bá wa yanjú ẹ̀: wọ́n ń pe ti Stelios ní Thymios Gígùn, wọ́n ń pe tèmi ní Thymios Kúkúrú. Kò sẹ́ni tó bi tèmi bóyá ó fẹ́.

Ọdún mẹ́fà làwọn méjèèjì ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Agbo oyin kan ló fò kúrò nílé Gígùn, ó wá bà sórí igi wa, ọkọ mi sì gbà á sínú àpótí. Gígùn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní olè ni. Ọkọ mi ní kó pè é lórúkọ, tó bá jẹ́ tiẹ̀ á dáhùn. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, a máa ń kó àpótí lọ sórí òkè, sínú igbó igi páìnì, níbi tí oyin á ti rí nǹkan jẹ. Kílẹ̀ tó mọ́ la ó ti dí ẹnu àpótí, kí wọ́n má baà fò jáde lójú ọ̀nà. Látìgbà yẹn, eré la ń sá. Tí oòrùn bá mú wọn nínú mọ́tò tó dúró, ìda á yọ́ lé wọn lórí, gbogbo wọn á kú síbẹ̀. Mọ́tò wa sì ti dàgbà, ó máa ń wú ikọ́ bíi bàbá arúgbó. Mo sọ fún ọkọ mi nínú oṣù kìíní pé kó lọ wá àwọn tó máa ń wá gbé mọ́tò tó bá takú lójú ọ̀nà, kó san tọdún kan kalẹ̀, kọ́kàn mi balẹ̀.

Ẹ ò rí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń yan nǹkan ọ̀hún. Nígbà tó ń fẹ́ mi, kò wádìí mi tó bẹ́ẹ̀. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń tètè dé, kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa gbé e jìnnà tó. Ìbéèrè kan ló ń bi gbogbo wọn: "Tí oyin bá wà lẹ́yìn mọ́tò ńkọ́?"

Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní àwọn kì í gbé ohun ẹlẹ́mìí. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ìkejì ní àwọn máa ń gbé ẹran ọ̀sìn, tó bá ti wà nínú àgò.

"Inú àpótí ni tèmi wà," lọkọ mi wí.

"Ó dáa, sà. Mélòó ni?"

"Bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀."

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ mi ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Pantelis ló gbà nígbẹ̀yìn, ẹni tó ń bá gbogbo abúlé wa ṣe ìwé mọ́tò ní ìlú. Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà tó máa gbé oyin, tí ẹnu àpótí bá ti dí dáadáa. Ọkọ mi sanwó, ó fi nọ́mbà fóònù wọn há iwájú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màríà. Káàdì tí wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí wa ò dé. Ọkọ mi ní ojú ọ̀nà nilé ìfìwéránṣẹ́ wa máa ń sùn.

Nígbà tó tó àkókò, a gbéra ní ìdájí, èmi àti ẹ̀, ogójì àpótí lẹ́yìn wa. Ní ìsàlẹ̀ òkè, mọ́tò wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Oòrùn ti ń yọjú. Inú ọkọ mi tiẹ̀ dùn. Ó ní, "Lónìí lo máa mọ̀ pé o fẹ́ ọlọ́gbọ́n." Ó pe nọ́mbà.

"Orúkọ, sà?"

"Thymios Karavelis."

"Ọmọ ta ni?"

Lọ́dọ̀ wa, kò sí ọ́fíìsì tó máa dá ẹ lóhùn tí wọn ò ní kọ́kọ́ bi ẹ́ lẹ́ni tó bí ẹ. "Ọmọ Nikolas," lọkọ mi wí.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ Stelios la ní níbí. Nọ́mbà mọ́tò yín náà ò bá tiwa mu."

Ojú ọkọ mi yí padà. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ yé. Pantelis ti ṣí ìwé Thymios míì. Orúkọ Gígùn ló kọ, mọ́tò Gígùn ló kọ, ilé Gígùn ni káàdì sì lọ.

Mo lọ gbé etí lé àpótí. Wọ́n ti ń hó bí ìkòkò orí iná. Mo ní, "Pe ọmọ àbúrò bàbá ẹ."

"Mi ò pè é."

"Wá gbọ́ oyin ẹ, kó o tó sọ pé o ò pè é."

Kò wá. Mo pe Gígùn fúnra mi, mo tẹ fóònù mọ́ ọkọ mi létí.

"Ta nìyẹn?"

"Thymios ni."

"Èmi ni Thymios," ni Gígùn wí.

"Thymios kejì."

"Àh. O ti gbà pé ìwọ nìkejì. Máa wí."

Ọkọ mi wò mí bíi pé èmi ni mo bí i níkejì. Ó béèrè bóyá káàdì kan dé sí i lọ́wọ́.

"Káàdì tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ? Ọ̀sẹ̀ ọdún ẹni mímọ́ tó ni orúkọ wa ló dé, nígbà tí ẹ̀bùn ń wọlé. Mo ní wọ́n ṣèèyàn. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń gbé mọ́tò mi lọ síbi tí mi ò lè gbé e dé tẹ́lẹ̀."

"Èmi ni mo sanwó ẹ̀."

"Wọn ò lè torí ẹ̀ gbé mọ́tò tìẹ. Mélòó ló wà lẹ́yìn?"

"Ogójì."

"Ibo lẹ wà?"

Kò pẹ́ tó fi dé, tòun ti mọ́tò ẹ̀ tó tún dàgbà ju tiwa lọ. Wọn ò kí ara wọn. Wọ́n ń kó àpótí láti ẹ̀yìn mọ́tò kan sí èkejì, wọ́n to ogún, wọ́n to ogún míì lé e. Oyin kan yọ, ó ta Gígùn nímú. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín, mo rí bó ṣe ń gbìyànjú.

A fi mọ́tò tiwa sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwa mẹ́ta fún ara wa pọ̀ níwájú, a ń gun òkè lọ. Ní kọ́nà kẹta, tí igbó páìnì ti ń hàn, ti Gígùn náà takú. Ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín, oòrùn wà lórí àpótí. Gígùn bá mú káàdì jáde lápò àyà.

"Thymios Karavelis," ló wí sínú fóònù. "Ọmọ Stelios." Ó ka nọ́mbà mọ́tò. Gbogbo ẹ̀ bá a mu.

Ọmọ inú fóònù ní, "Ẹnì kan ti pè láàárọ̀ yìí, sà, ó ń pe ara ẹ̀ ní ẹ̀yin."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Gígùn wí. "Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Ọkọ̀ ńlá náà ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó dé. Nígbà tí dírẹ́bà gbọ́ ohun tó ń hó lẹ́yìn mọ́tò, ó gbé gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ẹ̀ sókè, inú ọkọ̀ ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ló sọ fún un pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ẹnu àpótí bá ti dí, oyin jẹ́ ẹrù. Ó mọ ìwé yẹn lórí ju àdúrà lọ. Dírẹ́bà gbé wa, gbogbo ẹ̀ pátá, títí dé abẹ́ igi.

Thymios méjèèjì sáré ṣí ẹnu àpótí, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti apá òsì. Oyin tú jáde bí èéfín. Àpótí méjì ló dákẹ́. Méjìdínlógójì yè.

A jókòó sílẹ̀, mo gé wàràkàṣì àti búrẹ́dì. Gígùn ní lọ́la lòun máa lọ bá Pantelis kó tún ìwé kọ sórúkọ ẹni tó ni ín.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," lọkọ mi wí. "Mọ́tò tìẹ ló burú jù."

Gígùn wo mọ́tò ẹ̀, ó tún na ọwọ́ sí wàràkàṣì. Wọ́n ń jẹun lọ. Ìgbà yẹn ni mo bi wọ́n pé ta ló ń lọ ṣọ́ mọ́tò tiwa nísàlẹ̀. Thymios ò dìde, Thymios ò dìde. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, mo gba búrẹ́dì lọ́wọ́ èkejì, mo fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀.