Ìṣẹ́tí Nìkan Ni Mo Wò

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ jẹ́ kí fóònù yín sinmi díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àga, ẹní ń bẹ nílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Oju-Ore, Ọ̀tà, obìnrin ará Ọ̀ṣun kan ni ọ̀gá mi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, òun ló tẹ̀ lé wá sí Ọ̀tà. Nítorí pé àlejò ni, àtúnṣe nìkan ni wọ́n ń gbé wá fún un: ẹ bá mi dín in, ẹ bá mi ṣẹ́tí rẹ̀. Bàbá télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló ń rán aṣọ gidi.

Ó wá di ọdún kan tí tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin fẹ́ kí àwọn akọrin rẹ̀ wọ irú gáùn tí wọ́n wọ̀ nínú sinimá òyìnbó kan lọ sí ìdíje ní Abẹ́òkúta. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun lè fi sinimá náà hàn, ní gbọ̀ngàn, lọ́sàn-án Sátidé, torí wọ́n yá òun ni. Kí télọ̀ méjèèjì wá wò ó, kí kálukú rán ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá jọ ọ́ ni yóò rán ìyókù.

Bàbá télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń ṣẹ́tí o!"

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọ̀gá mi to àwa ọmọṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ìwọ, ọrùn. Ìwọ, apá. Ìwọ, ìbàdí." Ó wá kọjú sí èmi tí mo kéré jù. "Ìṣẹ́tí ni tìẹ. Bí wọ́n tilẹ̀ ń kú nínú ẹ̀, má gbójú sókè."

Sinimá yẹn dùn jọjọ! Ìdílé alágbàfọ̀ kan ni. Wọ́n ń jà, orin ni. Wọ́n ń parí ìjà, orin ni. Ìyá wọn ń sá aṣọ sórí okùn, orin náà ni. Èdè wọn ò yé wa tán, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohùn ìyá tó ń bẹ ọmọ rẹ̀? Mò ń gbọ́ bí bàbá télọ̀ ṣe ń fọn imú. "Ọlọ́run ṣeun, ọmọ yẹn ti padà sílé!" Èmi ò mọ ọmọ tó ń wí. Ẹsẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó yípo láàárín aṣọ sísá. Gáùn wọn ṣí bí agboòrùn. Mo rí ojú ìrán tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìṣẹ́tí: mẹ́ta níwájú. Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, mẹ́ta mìíràn.

A padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ní ègé aṣọ mẹ́fà ni wọ́n rán pọ̀ di gáùn náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ yìí! Wọ́n kó aṣọ jọ níbàdí ni." Ẹni tó wo ìbàdí ní rárá o, ìbàdí tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá mi wò mí títí, ó tẹ́ bébà sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó fi gé ìwọ̀n ègé mẹ́fà, orí tóóró, ìdí fífẹ̀.

Nígbà tọ́jọ́ pé, ọmọ méjì wọ gáùn méjèèjì. Ti bàbá télọ̀ lẹ́wà lórí ìdúró, ká má parọ́. Tíṣà wá ní, "Ẹ yípo." Ti bàbá télọ̀ lọ́ mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Tiwa ṣí! Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè.

"Ìyá Ọ̀ṣun, ṣebí ibì kan náà la jọ jókòó sí?"

"Ẹ̀yin wo ìtàn, bàbá. Àwa wo aṣọ."

Láti ọjọ́ náà, aṣọ ìyàwó ni wọ́n ń gbé wá bá wa, títí kan àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú Ṣàngó lọ́hùn-ún.

Lóde òní, ìka lásán lẹ fi ń dá àwòrán dúró. Ọmọ-ọmọ mi ló wá sinimá náà jáde fún mi lórí fóònù lọ́dún tó kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú ìyá alágbàfọ̀ náà, mo sì sunkún níbi tí bàbá télọ̀ ti sun tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi dolóògbé, ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún máṣíìnì. Ó ṣì ń fi ránṣọ ní àdúgbò Joju. Ṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ní tèmi, bébà sìmẹ́ńtì tí ọ̀gá mi gé lọ́jọ́ náà ni wọ́n dì wá fún mi, ègé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi kọ ọ́ sí i lára: "Ti ọmọ tó ka ègé."