Ilé Àwọn Àgbà Tí Mo Ya Pílánù Rẹ̀

Ilé yíyà ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Maiduguri, àṣejù sì ti wọ̀ ọ́. Bí mo bá lọ kí ọ̀rẹ́, wọn ò tíì fún mi lómi tí mo fi máa ń sọ ibi tí fèrèsé wọn kù díẹ̀ káàtó sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá rí ilé àtijọ́ kan gbà ní àdúgbò Gomari, tí wọ́n ní kí n tún un yà kó di ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti gbà.

Nígbà tí ilé parí, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ mú wọbẹ̀. Òótọ́ ni pé èmi àti ìyàwó mi kì í sí nílé lójúmọmọ, pé ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò sẹ́ni nítòsí. Àmọ́ kí n má purọ́, mo tún fẹ́ kí ayé rí i pé ọjà mi dá mi lójú.

Àrùn ló gbà mí lọ́kàn. Onígbáméjì máa ń bá òjò wá síbí, ẹ̀rù kòrónà ò sì tíì kúrò lára mi. Mo ya yàrá mẹ́jọ, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kọjú sí ògiri, kí èémí ẹnìkan má baà bá ti ẹnìkejì pàdé. Inú yàrá ni oúnjẹ á ti máa bá kálukú. Ẹ̀rọ omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi sí àgbàlá, kí nọ́ọ̀sì lè máa rí ẹni tó fọwọ́ kó tó jẹun. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bulumkutu nílùú yìí, wo pílánù mi.

"Haba, Ọ̀gá! Ilé àgbà ni, àbí ọgbà ẹ̀wọ̀n?"

Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí aláìmọ̀kan.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà kó wọlé ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọwọ́ fífọ̀ wọn ti pọ̀ jù. Mo lọ wò ó. Ìyá mi fọ tirẹ̀, ó dúró. Bàbá télọ̀ kan tó ti àdúgbò Lamisula wá fọ tirẹ̀, òun náà dúró. Láàárín wákàtí kan, wọ́n tún ti padà wá. Inú mi dùn dẹ́yìn! Mo mú àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ wá wòran, mo ní kí wọ́n wo ohun tí pílánù tó péye lè ṣe. Ìyá mi wò mí láti etí omi, ó sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi gbìyànjú gan-an." Ìyìn ni mo kà á sí. Ìyá tó bíni kì í dójú tini lójú àlejò.

Ọyẹ́ dé, awọ ọwọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Mo ní omi tútù àgbàlá ló fà á. Olóye ọmọ! Mo pe púlọ́ńbà, a gbé ẹ̀rọ omi sí yàrá kọ̀ọ̀kan, a sì dí ti àgbàlá pa.

Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù. "Ọ̀gá, ẹ wá o. Ọjọ́ kejì rèé tí Màmá ò jẹun. Wallahi, omi nìkan ni wọ́n ń mu."

Ẹ̀rù bà mí, mo wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ yàrá, ẹ̀rọ omi tuntun ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá, bóyá ó ń jò.

"Màmá, kí ló ń dùn yín?"

"Kò sí."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò jẹun?"

Ó nawọ́ sí àgbàlá. "Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí. Kò sí àárọ̀ kan tí èèyàn ò bi mí pé ṣé mo jíire. Bí kì í bá ṣe ní Yorùbá, á jẹ́ ní Haúsá. Etí omi yẹn la ti ń kíra wa. O ti dí i pa, ọkọ mi. Ìwọ gan-an, bí o bá wọlé, ògiri lo máa ń kọ́kọ́ wò."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwé ẹ̀rí mi pọ̀ lára ògiri. Obìnrin tó jókòó níwájú mi ló mọ ohun tí ilé wà fún. Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n. Ó dá mi lóhùn. Ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè iṣẹ́, kò sì ní kí n dìde. Ìgbà tó kí mi tán ló ní kí nọ́ọ̀sì gbé kókó, ẹ̀kọ mímu àwọn Haúsá, wá.

A ṣí omi àgbàlá lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, àwọn àga jìnnà síra kí ikọ́ má baà dé ara ẹlòmíràn, àmọ́ wọn ò jìnnà débi tí ohùn ò fi ní í dé. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó. Mo tẹ́ bébà náà sórí ẹsẹ̀ ìyá mi, mò ń ṣàlàyé bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ó ń fi ìka ka àwọn àga náà. Wọ́n jẹ́ mẹ́jọ.

"Ó dára," ó ní. "Ìwọ ńkọ́? Bí o bá wá kí mi, níbo lo máa jókòó sí?"

Mi ò ya àga kankan fún ara mi.