Ìlà Oòrùn Lára Ògiri Pálọ̀

Oṣù Kẹjọ ni bàbá mi ti Ìbàdàn dé sọ́dọ̀ mi ní Co-op City, lókè òkun níbí. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ó fi fa ìlà pẹ́ńsù sára ògiri pálọ̀. Tí oòrùn bá ti kan ìlà yẹn, ó ní, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù. Aago mẹ́fà ló ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ gún láìjẹun tẹ̀lé e; ìgbà yẹn lèmi náà máa ń wọlé, a ó sì jọ jẹun. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kì í dá jẹun. Mo fún un ní fóònù tó ní áláàmù, ó pa áláàmù náà. Ó ní ẹni tó ti ń fi oòrùn mọ aago kí wọ́n tó bí mi, kí ni yóò fi áláàmù ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Òmùgọ̀ ni mí!

Lọ́jọ́ tí ojúmọmọ kúrú jù lọ́dún, nínú oṣù Kejìlá, mo wà níbi iṣẹ́ ní Manhattan, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú. Tẹlifíṣàn ń fi ilé òkúta àtijọ́ kan hàn, tí oòrùn kì í wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àfi láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Ni mo bá ń fọ́nnu pé bàbá mi náà ní ìlà oòrùn tirẹ̀ lára ògiri. Màmá yẹn wò mí.

"Ṣé ó máa ń sún ìlà náà bí oṣù ṣe ń yí?"

Mo fò dìde. Nílé, ní Ìbàdàn, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Níbí, lásìkò òtútù, aago mẹ́rin àbọ̀ ló ti ń wọ̀! Abájọ tí bàbá fi ń gbọ̀n láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí mo ní òtútù ni. Aago méjì ti kọjá; oòrùn ò ní pẹ́ kan ìlà yẹn, bàbá á sì gún abẹ́rẹ́. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè. Mo fẹ́ pe áńbúláǹsì, mo ní bóyá ó sùn ni. Ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò tètè dé, mo kàn ń lọ mò ń bọ̀ láàárín yàrá. Nínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ní kí n jókòó. Mo ní kó máa wa mọ́tò ẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá wà lórí àga, òógùn bò ó, abẹ́rẹ́ tó ti gún wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo méjì tí kò sóúnjẹ nínú wọn. Mo po ṣúgà sómi, mo ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò jẹun?" Mo ti bú sẹ́kún.

Ó wo ògiri, ó wá wò mí.

"Oòrùn dé lásìkò," ó ní. "Ìwọ ni o ò dé."