Ọ̀rá Tó Wà Lẹ́nu Táǹkì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ẹ̀bá títì ni mo ti ń dàgbà. Mẹ́káníìkì ni bàbá mi ní Ìfọ̀, ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá mi ti kú, nítorí náà bí mo bá ti ilé kéú dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ohun tí bàbá mi kórìíra tó kí ọmọdé dá sí ọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà. Mo ti gba ìgbátí lórí ẹ̀ rí, ìgbátí gidi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn èèyàn ti mọ́tò kan wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Pupa ni, ó pẹlẹbẹ, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ó ti gbó, kódà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti nù ún títí ó fi ń dán. Ọkùnrin náà kò tíì kí wa tán tó fi dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, tòun taṣọ funfun ọrùn rẹ̀. Màmá rẹ̀ kú ní Abẹ́òkúta ní ìdájí ọjọ́ náà, wọ́n sì ní bí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán ni wọn yóò sin ín. Òun nìkan ni màmá náà bí.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí n ṣáà fojú kàn án.”

“Ẹ dìde, ọ̀gá,” bàbá mi ní. “Ẹ máa débẹ̀.”

Ó bi í bóyá epo wà. Ọkùnrin náà sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti fi hàn wá, ibẹ̀ gan-an ni mo sì dúró sí. Ó ti fi ọ̀rá dí ẹnu táǹkì pinpin kó tó fi ìdérí dé e, torí òórùn epo máa ń mú èébì gbé màmá rẹ̀ tó bá gbé e jáde. Bó ṣe tú ọ̀rá náà, ó dún “ṣììì”, bí ìgbà téèyàn bá ṣí ìgò mínírà. Orí bàbá mi wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́. Epo wà, ọkùnrin náà sì dí i padà. Bàbá mi nu pílọ́ọ̀gì, mọ́tò jí, inú gbogbo wa dùn. Kò kọjá iwájú mọ́ṣáláṣí tó tún kú.

Wọ́n tún tì í padà. Bàbá mi tún béèrè epo, ọkùnrin náà tún tú ọ̀rá, ó tún dún “ṣììì”, ó tún dí i. Mọ́tò tún jí, ó tún lọ, ó tún kú.

Ó ti yé mi pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ táǹkì ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́káníìkì ni mí, mo mọ̀ pé táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ kò ní í jẹ́ kí epo ṣàn. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n mo rántí ìgbátí, mo dákẹ́. Bàbá mi tú kabúrétọ̀ palẹ̀ sórí àpò, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ láti Èkó ń kọjá ní kíkún, kò sí èyí tó dúró. Ọkùnrin náà ṣáà ń wo oòrùn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Aláásárì, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹkún yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Mo fa bàbá mi láṣọ lọ sẹ́yìn igi, mo sọ fún un.

“Látìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Látìgbà àkọ́kọ́, sà.”

Kò gbá mi. Ó lọ fa ọ̀rá náà yọ, ó jù ú nù, ó sáré to kabúrétọ̀ padà. Mọ́tò náà lọ, kò sì dúró mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà padà wá dúpẹ́. Ó ní ìgbà tí òun fi dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti sin màmá òun tán, àwọn èèyàn ti ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Bàbá mi ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mi ò tètè rí i.” Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sá sí. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó wọnú ẹ̀. Látọjọ́ náà títí bàbá mi fi kú, bí mọ́tò kan bá ti dúró síwájú wa, yóò kọ́kọ́ bi mí pé, “Kí ni ìwọ gbọ́?”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Mowe ni mo ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, mọ́tò rẹ̀ dúró ní Ìbàfò, ọmọkùnrin kan ki ẹ̀rọ pélébé bọ abẹ́ sitíárín, ẹ̀rọ náà sì kọ ohun tó ń ṣe é jáde. Kò fetí sí nǹkan kan. Bí ẹni yín bá sì kú lónìí, ẹ ó kàn pe àwọn ará ilé lórí fóònù pé kí wọ́n dúró dè yín díẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń ṣí mínírà nílé, tó bá ti dún “ṣììì”, mo máa ń dìde kúrò láàárín wọn. Wọ́n rò pé ara àgbà ni. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀, tí mo sì dákẹ́.