Ìwé Òdòdó Mi Lọ́wọ́ Àǹtí

Ìjọ aládùúrà kan náà ni èmi àti Àǹtí ń lọ ní Barking, nílùú òyìnbó. A kì í ṣe ẹbí. Wọ́n kàn fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, àwọn ni wọ́n sì gbà mí sílé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé. Láàárọ̀ Sátidé, a máa ń rìn ní ọgbà Eastbrookend. Èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo òdòdó. Àǹtí á ní kí n yára, òtútù ń mú àwọn.

Nígbà ìrúwé ọdún kan, a gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, a wọ bàálù lọ sí erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Òkè olókùúta ni gbogbo ibẹ̀, òdòdó pupa sì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo ra ìwé tí kò nílà, mo ń ya ohun tí mo bá rí sínú rẹ̀: òdòdó kékeré kan tó jọ kòkòrò oyin, alángbá tó ń yá oòrùn lórí ògiri, ìjàpá tó ń jẹ koríko bí ẹni tí kò níbi í lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ejò dúdú kan gba iwájú wa kọjá. Àǹtí kígbe, "Jésù!" Wọ́n fò gun ògiri òkúta, bàtà wọn kan já bọ́. Mo dúró jẹ́ẹ́ títí ejò fi wọgbó, mo bá wọn mú bàtà, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí a padà dé, wọ́n ní, "Àbúrò mi, yá mi níwèé yẹn, kí n fi han ọmọ mi." Mo gbé e fún wọn tayọ̀tayọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí a jọ ń rìn ní ọgbà sọ fún mi pé Àǹtí fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò náà ní ilé ìkàwé. Àǹtí fúnra wọn ò sọ fún mi. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé ni. Mo lọ, mo jókòó sẹ́yìn. Àwòrán mi ni wọ́n ń fi hàn lára ògiri, ó tóbi gbàǹgbà.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi yà á," ni Àǹtí ń wí. Wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ ejò. "Àbúrò mi kan tí a jọ lọ fò gun ògiri, bàtà ẹ̀ já bọ́! Èmi ni mo dúró."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ká ní àwòrán nìkan ni, mo lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ló wọ̀ mí lára.

Nígbà tí èrò tú, mo bá wọn. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi dà?"

"Ah-ah! Torí ewé àti alángbá lo ṣe lejú báyìí? Ilé mi lo kọ́kọ́ sùn nílùú yìí o."

Wọ́n yọ ọ́ nínú báàgì. Mo ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí mo kọ orúkọ mi sí, ti ya kúrò.

"Ta ló ya á, mà?"

"Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí o fún mi." Wọn ò wojú mi.

N kò bá wọn jà. Mo gbé ìwé mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó tẹ̀lé e, wọ́n pè mí. "Ṣé o ṣì ń bínú ni?"

"Rárá, mà."

Irọ́ ni mo pa.