Ife Ẹ̀kọ Màmá Mi

Ife amọ̀ tó ní ìdérí ni mò ń ṣe, irú èyí tí èèyàn lè gbé dání lọ síbi iṣẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má dà sí i lára. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Fola Agoro ni kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń yí amọ̀ wà, ààrò gáàsì mi sì wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwọn tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Akoka ló ń rà á jù. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà náà pé ó ku ohun tí mi ò mọ̀ nípa ife, mi ò bá má dá a lóhùn.

Màmá mi ló ta mí jí. Ó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù fún àwọn télọ̀ ní òpópónà kejì sí ilé wa. Láràárọ̀ ló máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ síbẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù onírin kan, àwo pẹlẹbẹ ni yóò fi dé e. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ará Ìlàjẹ ní Bariga tó ń ta ẹja yíyan. Màmá mi yóò mu ẹ̀kọ náà dé ibì kan, yóò na kọ́ọ̀bù sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn yóò mu ìyókù, yóò fọ kọ́ọ̀bù, yóò sì yà gbé e sílé wa nírọ̀lẹ́ bó bá ń kọjá lọ. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń kírun, kọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń mu, ó sì ti pẹ́ débi pé mi ò tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó yá, ọwọ́ màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ dà sí i lára níṣojú àwọn télọ̀, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti mu ohunkóhun níta mọ́. Bí a bá béèrè, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo ni ti ọdún yípo? Kó jẹun nílé kó tó jáde ńkọ́? Ó ní oúnjẹ kì í wu òun kí oòrùn tó yọ. Dókítà tó fún un ní oògùn ọwọ́ náà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹun, nítorí náà kì í lò ó títí di ọ̀sán, ọwọ́ náà sì túbọ̀ ń gbọ̀n.

Ó ń rù lójú mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá mi, ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa fi ṣíbí fún un lẹ́kọ, àmọ́ màmá mi fèsì pé kí òun tó di ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ níta gbangba, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù, òun yóò padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ màmá mi. Jíjókòó sílé lásán ni yóò pa á, kì í ṣe àìsàn.

Mo bá jókòó ti amọ̀. Ife tí mò ń tà ga, ìdí rẹ̀ sì fúyẹ́, kò bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n mu. Mo mọ òmíràn tí ìdí rẹ̀ wúwo. Mo kọ́kọ́ fi etí méjì sí i, ṣùgbọ́n ó jọ ife ọmọdé, ni mo bá fún un pọ̀ mọ́ amọ̀ tútù. Dípò etí, mo fún un ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lè gbá mú. Ẹnu ìdérí rẹ̀ ló tún dá mi lágara. Mo lu ihò kékeré sí i bíi ti tíì, ẹ̀kọ sì dì pa síbẹ̀, ni mo bá mọ ìdérí mìíràn tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe jáde nínú ààrò, mo bu omi sínú rẹ̀, mo ń mọ̀ọ́mọ̀ gbọn ọwọ́ mi bíi ti màmá mi, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, títí tí kò fi dà mọ́.

Màmá mi gbé e lọ, ó mu ẹ̀kọ, ẹ̀kán kan ò dà. Mo yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo bá ife náà lórí tábìlì iṣẹ́ mi, ó mọ́ tónítóní. Màmá mi ti padà sínú ààwẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, mo lọ bi í pé kí ni ife náà ṣe fún un.

“Mi ò rí ibi tí mo mu ún dé,” ló wí. “Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.”

Mo ní kó máa ṣí ìdérí náà wò. Ó ní ibi ṣíṣí yẹn gan-an ni yóò ti dà. Mo ní ṣebí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó ẹ̀kọ tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé.

“Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo fọ ife yìí, èmi náà ni mo gbé e wálé.”

Mo gbé ife náà padà sídìí iṣẹ́ mi, mo ń yí i wò. Gbogbo ife tí mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń ṣe é fún, kó dá gbé e, kó dá mu ún, kó dé e mọ́ra rẹ̀. Mo mọ irú ife náà mìíràn, mo sì fi ìdérí kejì tó jinlẹ̀ kún un, tó ń bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Béèyàn bá ṣí i, tó yí i padà, ife kékeré ni. Amọ̀ máa ń sún kì nínú iná, nítorí náà mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọ gbẹ, kí wọ́n jọ wọ ààrò, kí ìdérí lè ba ẹnu ife mu. Mo sọ fún màmá mi pé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dà sínú ìdérí, kó tó wá mu tirẹ̀, kò ní nílò pé kó wo inú ife rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣẹ́kù tó ń ṣáájú oúnjẹ, ìyẹn náà tún ti dé.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ìdérí náà mú, màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì da ẹ̀kọ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wo ọwọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹja tó wọ́n létí omi ló ń sọ. Lẹ́yìn náà, màmá mi mu tirẹ̀, ó sì lo oògùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni, ó gbé ife náà dání pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ méjèèjì, ó ti fọ̀ ọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Mo ní, màmá mi dà?

“Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù,” ló fèsì. “Òun àti télọ̀ kan ń fa ọ̀rọ̀ síìpù. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò tíì ṣetán àtilọ sílé.”